Tiri Nsa: Ọtí Tí Ń Sọ Ọkùnrin Di Ọkọ ní Kùmásì

Bí ọkùnrin kan bá ti bá obìnrin gbé fún ogún ọdún ní Kùmásì, olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, tí wọ́n ti bí ọmọ, tí wọ́n sì ti jọ kọ́lé, ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé ọtí lọ bá àwọn àna rẹ̀, kì í ṣe ọkọ lójú àwọn àgbà Àṣáńtì. Mpena ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àlè, bó ti wù kí ìfẹ́ àárín wọn jinlẹ̀ tó. Bó bá wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìgò sìnáàpù méjì lọ, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ṣí i, tí ẹbí ìyá àti ẹbí bàbá obìnrin náà sì mu nínú rẹ̀, ó ti di ọkọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọtí yìí ni wọ́n ń pè ní tiri nsa, ọtí orí. Aṣọ kente, wúrà, àpótí aṣọ, òrùka àti Bíbélì tí ẹ ń rí nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ẹ̀yìn ọtí yìí ni gbogbo wọn ń tò sí.

Kùmásì kì í ṣe ìlú tí àwa Yorùbá ń gbọ́ lókèèrè lásán. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ti ń gbé Gánà, wọ́n ń tajà níbẹ̀, láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àìmọye ará wa ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀ wálé. Àwọn tí wọ́n ti di àna ara wọn kò lè tú àna náà ká. Títí di òní, ọmọ wa ń fẹ́ ọmọ wọn, ọmọ wọn ń fẹ́ ọmọ wa. Bí ẹbí Yorùbá bá sì dé Kùmásì, tí wọ́n bi wọ́n léèrè sìnáàpù, wọn a rò pé ìdána ilé wa náà ni, pé kí a sáà fi kún orógbó àti oyin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ìdána wa ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí tiri nsa ń ṣe, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ náà lè ti ọrùn bọ wàhálà láìmọ̀.

Ìdílé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni Àṣáńtì ti ń ka ẹbí. Abusua ni wọ́n ń pe ẹbí ìyá yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, òun ni yóò sin ọ́ bí o bá kú, ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀, oyè àti ogún wà. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ló wà lára ọmọ, wọ́n sì gbà pé ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní ntoro ń ti ara bàbá wọ inú rẹ̀. Nítorí náà bàbá kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ló yẹ kó tọ́ ọ, kó sì wá iṣẹ́ fún un. Síbẹ̀ ọmọ kì í ṣe ti ilé bàbá. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní wofa, ló lè pàṣẹ lé ọmọ náà lórí gẹ́gẹ́ bí ará ilé rẹ̀, nínú àṣà, ogún wofa ni ọmọ náà sì ń jẹ.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá san ìdána, a ti ra ẹ̀tọ́ pé ọmọ tí ìyàwó bá bí, ọmọ ilé wa ni. Ní Kùmásì, kò sí iye ọtí tí ọkùnrin lè gbé kalẹ̀ tí yóò mú ọmọ kúrò nínú abusua ìyá rẹ̀. Ìdí rèé tí owó orí àwọn Àṣáńtì kò fi pọ̀ láyé àtijọ́: kò sí ẹni tó ń tà, kò sì sí ẹni tó ń rà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Àṣáńtì, ìdílé méjì ni yóò máa fà á mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Àṣáńtì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù. Ilé bàbá á ní ẹbí ìyá rẹ̀ ló ni ín, ẹbí ìyá á sì ní kó lọ bá bàbá rẹ̀. Bí àwọn àgbà kò bá jókòó sọ ọ́ kí ọmọ tó dé, ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀.

Nǹkan kejì tún wà tí àjòjì kì í tètè mọ̀. Láàárín ọdún 1945 sí 1946, Meyer Fortes, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ṣe ìwádìí ní àwọn ìlú Àṣáńtì bíi Agogo àti Asokore. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò kó lọ sílé ọkọ. Ilé ìyá wọn ni wọ́n wà. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá tó, wọn a se oúnjẹ, wọn a gbé e lé ọmọ lórí, ọmọ a gbé e la àdúgbò kọjá lọ sílé bàbá rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́ tán, ìyàwó náà a lọ sùn lọ́dọ̀ ọkọ, ilẹ̀ mọ́, ó padà sílé ìyá rẹ̀.

Níbi tí ìyàwó kò ti kó kúrò nílé, tí ọmọ kì í sì í ṣe ti ọkọ, kí ni aládùúgbò yóò wò kí ó tó mọ̀ pé tọkọtaya ni àwọn wọ̀nyí, pé wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin? Gbígbé pọ̀ kò lè jẹ́rìí. Ọmọ kò lè jẹ́rìí. Ọtí nìkan ló kù. Rattray, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní àwọn ọdún 1920, tó sì kọ àṣà wọn sínú ìwé ńláńlá, rí i kedere pé tiri nsa ló ń fìdí ìgbéyàwó múlẹ̀. Àwọn ẹ̀bùn yòókù lè pọ̀, wọ́n sì lè má pọ̀.

Ọ̀nà tí ọtí fi ń ṣe é nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá mu nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Nínú òfin àwọn Akan, ẹ̀yà ńlá tí Àṣáńtì wà nínú rẹ̀, bí a bá fún ọ ní ilẹ̀, bí a bá dá ọ láre nídìí ẹjọ́, o gbọ́dọ̀ mú ohun ìdúpẹ́ wá, tí wọ́n ń pè ní aseda, àwọn tó wà níbẹ̀ a pín in. Bí ọ̀rọ̀ bá dìde lẹ́yìn ogún ọdún, wọn ò ní béèrè ìwé. Wọn a béèrè ẹni tó jẹ nínú aseda náà. Inú ilé kan náà ni tiri nsa ti jáde. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbé ìgò náà pa mọ́ sínú yàrá kí bàbá ìyàwó lè máa dá a mu lálaalẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ pín in. Apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá, apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá, ẹni tí kò sì lè wá, wọn a bu tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìgò náà dà bí rìsíìtì tí a fà ya, tí a fún ogún ènìyàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀tọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò kéré. Ọkọ tó ti san tiri nsa lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá bá ìyàwó rẹ̀ ṣe àgbèrè. Ayefare ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó jẹ́ mpena kò lè gba kọ́bọ̀. Ìyàwó náà ní tirẹ̀: ọkọ gbọ́dọ̀ máa fún un lówó oúnjẹ, kí ó tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ó sì gbà pé òun ni bàbá oyún tó bá wà níkùn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì fún wọn gan-an, nítorí ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀ kò ní ntoro tí yóò máa tọ́ka sí.

Ọjọ́ ayẹyẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣàdédé dé. Àwọn ẹbí ọkọ ti kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn, kɔkɔɔkɔ, tí wọ́n fi ọtí kékeré sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹbí ìyàwó kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Wọn a ní kí wọ́n máa lọ ná, wọn a wá fi ẹsẹ̀ tọ ilé ọkùnrin náà: ṣé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé gbèsè kò sí lọ́rùn rẹ̀, ṣé àrùn kan kò sí nínú ìdílé wọn, irú ìwà wo ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Àwa náà ń ṣe irú ìwádìí yìí, a kàn ti ń sáré ṣe é láyé òde òní ni.

Bí ọjọ́ bá pé, apá méjì ni àwọn àga máa ń wà, ẹbí kojú ẹbí. Àwọn tó wọlé a bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, wọn a máa bọ onílé lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan títí dé ìpẹ̀kun. Wọn a jókòó. Àwọn onílé náà a dìde, àwọn náà a wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ padà. Wọn a fún àlejò lómi. Lẹ́yìn èyí ni wọn a wá béèrè amanneɛ, pé kí ni ẹ bá wá. Agbẹnusọ ni ń dáhùn, ẹni tí wọ́n ń pè ní okyeame. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ló sábà máa ń jẹ́ lóde òní, gẹ́gẹ́ bí alága ìdúró àti alága ìjókòó tiwa. Ọkọ lè jókòó láìla ẹnu. Láyé àtijọ́ pàápàá, kò pọn dandan kó wà níbẹ̀. Ẹbí ló ń fẹ́yàwó fún un.

Wọn a gbé ìgò náà síwájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìgò aláwọ̀ ewé ni ti àtijọ́, ó ní ìhà mẹ́rin, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ sì rọra tín-ín-rín. Kì í ṣe fún ẹwà ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn olótí ilẹ̀ Họ́láǹdì ṣe é ní onígun mẹ́rin kí méjìlá lè wọ inú àpótí igi kan láìsí àyè tó ṣófo, kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn lórí omi. Ìgò jíìnì ayé ọkọ̀ ojú omi ni, òun náà ló wá dúró lórí tábìlì níwájú àwọn àgbà abusua.

Nígbà náà ni wọn a pe ìyàwó. Ní ilé mìíràn wọn a kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin mìíràn jáde, àwọn ẹbí ọkọ a ní òun kọ́, ẹ̀rín a sọ. Bí òun gan-an bá dé, ojú gbogbo ènìyàn a wọ̀ ọ́ lára. Wọn a bi í pé: àwọn èèyàn yìí gbé ọtí wá nítorí rẹ, ṣé kí a gbà á? Ó dáhùn. Wọn a tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Wọn a tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, létí bàbá rẹ̀, létí wofa rẹ̀, létí àwọn àna. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọkàn gbogbo ètò náà wà. Owó ti jáde, àlejò ti pé, oúnjẹ ti jinná, síbẹ̀ bí ọmọbìnrin náà bá ní òun kò fẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí ìgò náà.

Bó bá gbà, wọn a ṣí i. Àgbàlagbà kan a da díẹ̀ sílẹ̀, a pe àwọn baba ńlá wọn lórúkọ, a ní kí wọ́n wá mu. Ní ilé àwọn onígbàgbọ́ tí kò fẹ́ ìtasílẹ̀, pásítọ̀ tàbí àgbà ìjọ a gbàdúrà dípò rẹ̀. Ife a wá máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀bùn yòókù ń tẹ̀ lé e. Àwọn arákùnrin ìyàwó a ní kí wọ́n mú akontasekan wá, owó àdá tí àwọn fi dáàbò bo arábìnrin àwọn, wọn a sì máa yọ àna lẹ́nu títí owó náà yóò fi tó wọn. Eré ni, àmọ́ wọ́n ń gba owó náà.

Ó yẹ kí a béèrè bí ọtí òkè òkun ṣe wá di ohun àwọn baba ńlá. Ẹmu ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ráàmù dé pẹ̀lú òwò ẹrú. Nígbà tí Bowdich, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, dé Kùmásì ní ọdún 1817, ó rí i níbi ọdún iṣu pé ọba ní kí wọ́n da ráàmù sínú àwo idẹ ńláńlá káàkiri ìlú kí gbogbo ènìyàn máa mu. Àwọn ará Họ́láǹdì ti wà ní odi Elmina ní etíkun Gánà láti ọdún 1637 tí wọ́n ti gba odi náà lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1872. Wọ́n bá Kùmásì ṣọ̀rẹ́ dáadáa. Ní ọdún 1837 wọ́n rán ọ̀gágun Verveer wá sọ́dọ̀ Asantehene, ọba Àṣáńtì, ó sì mú ọmọ ọba méjì padà lọ kàwé ní Họ́láǹdì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi elèéfín bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sí etíkun wa ni jíìnì, tí wọ́n tún ń pè ní sìnáàpù, wá kún ọjà, láti Schiedam àti Delfshaven ní Họ́láǹdì, níbi tí ilé iṣẹ́ Henkes ti ń pọn ọtí láti ọdún 1824. Nígbà náà, ọtí ẹni gbogbo ni. Kò sí ọlá kankan lára rẹ̀.

Òfin ìjọba ló sọ ọ́ di ọtí àgbà. Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba tó pín Áfíríkà láàárín ara wọn fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye pé kí ọtí olówó pọ́ọ́kú má ṣe wọ ibí mọ́. Owó ibodè lé lórí jíìnì. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Gold Coast, orúkọ tí Gánà ń jẹ́ nígbà náà, tún ń dín èyí tó ń wọlé kù. Àwọn ọ̀dọ́ àti òṣìṣẹ́ lọ ń mu akpeteshie, ọmọ ìyá ògógóró wa, tí wọ́n ń pọn níkọ̀kọ̀ nínú igbó. Sìnáàpù wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà nìkan ló lè rà á, wọn kò sì ní mu ún lásán. Wọ́n fi pamọ́ fún òkú, fún oyè, fún ẹjọ́ àti fún ìgbéyàwó. Láàárín ìran kan péré, ọtí tí gbogbo ayé ń mu ti di èyí tí ènìyàn kò lè lọ kí ọba ní ààfin Manhyia láìmú un lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Akyeampong ti kọ odindi ìwé kan, tó jáde ní 1996, lórí bí ọtí àti agbára ṣe so mọ́ra ní Gánà. Ní Nàìjíríà náà, ọ̀nà kan náà ni sìnáàpù gbà tí wọ́n fi ń gbé e sídìí ìdána àti ìwúre.

N kò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Láàárín ọdún 1929 sí 1933, àwọn ọba àti baálẹ̀ ní àwọn ìlú Àṣáńtì kan lu agogo pé kí gbogbo obìnrin tí kò lọ́kọ lọ fẹ́ ọkọ. Wọ́n kó àwọn obìnrin sí àtìmọ́lé, wọ́n ní kí oníkálukú dárúkọ ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ; ọkùnrin náà a sì san owó kí wọ́n tó tú obìnrin náà sílẹ̀, kó sì fẹ́ ẹ. Kòkó ló ń fa gbogbo rẹ̀: àwọn obìnrin ti rí i pé àwọn lè dá oko tàbí òwò tiwọn, kàkà kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lóko kòkó ọkọ tí abusua rẹ̀ yóò jogún. Àwọn òpìtàn Jean Allman àti Victoria Tashjian gba ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn. Ọtí tí a fi ìbẹ̀rù gbà kì í ṣe tiri nsa, bó ti wù kí iye ìgò rẹ̀ pọ̀ tó. Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn kò gbọ́dọ̀ di eré lásán.

Bí ìgbéyàwó bá tú, ọtí náà ni wọ́n fi ń tú u. Ẹbí ìyàwó a dá ọtí padà níwájú àwọn ẹlẹ́rìí; àṣà sì wà pé kí wọ́n wọ́n ẹfun sí obìnrin náà lára kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti bọ́, pé ẹlòmíràn lè fẹ́ ẹ.

Ìjọba Gánà ti fi ìwé kún un. Ní ọdún 1961, nínú ẹjọ́ Yaotey àti Quaye, Adájọ́ Ollennu là á sílẹ̀ pé ohun tó ń mú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ dúró ni ìfohùnṣọ̀kan tọkọtaya, ìfọwọ́sí ẹbí àti gbígbé ayé bí tọkọtaya. Ní 1985, òfin méjì jáde: èyí tó ní kí ìyàwó àti ọmọ máa jogún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìpíngún, àti èyí tó ní kí wọ́n máa fi orúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní 1991 wọ́n sọ ìforúkọsílẹ̀ náà di ohun tí ẹni tó bá wù ú lè ṣe. Nítorí náà, opó tí kò ní ìwé, tí àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde nílé, àwọn tó mu ọtí rẹ̀ ló ṣì ń wò lójú.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nísinsìnyí ni lísìtì. Ìwé ẹrù ìyàwó ti gùn bí ti ilẹ̀ wa: fíríìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ mẹ́fà, wúrà, owó ìyá, owó bàbá, kéèkì, fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sá, wọ́n ń bá obìnrin gbé láìsan ohunkóhun, títí obìnrin yóò fi di ẹni ogójì ọdún nípò mpena. Ìgò méjì péré ni àṣà béèrè. Àwọn tó ń fi ẹrù dí ọ̀nà ìgò méjì yẹn ló ń ba àṣà jẹ́, kì í ṣe àwọn tó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò sìnáàpù nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀rí ló wà nídìí rẹ̀; ẹlẹ́rìí tó mu málítì náà lè jẹ́rìí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fẹ́yàwó tàbí ń lọ́kọ ní Kùmásì, kí ẹ tó sanwó gbọ̀ngàn, ẹ lọ béèrè tiri nsa lọ́wọ́ abusua, kí ẹ san án, kí ẹ sì rí i pé àwọn àgbà ìhà méjèèjì wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ilé tí ọmọ tí wọ́n bá bí yóò máa jẹ́ tirẹ̀ àti ogún tó kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ mú tọkọtaya lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú orúkọ àwọn tó mu ọtí náà pẹ̀lú ìwé wọn.